Fáìlì Tí Mo Sọ ní Gbogbo

Iná kò sí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá mi ní Dùgbẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, òógùn bò mí, mo sì bá Ọ̀gá níwájú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi aṣọ tábìlì bò mọ́lẹ̀. Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ wọn. Orí ìwé lásán ni wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn kò gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Mo ní, "Mo mọ ìwé tẹ̀ dáadáa, sà."

"Adìẹ náà mọ ilẹ̀ tẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ̀ ọ́n rò?"

Ìbéèrè tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé dáhùn nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa yàn ló ní kí n kọ ìtàn náà sílẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bí wọn. Ẹ jókòó, kò ní pẹ́.

Fọláṣadé lorúkọ mi. Àdúgbò Challenge ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń tún aago ṣe. Ìgbà tí mo jáde ilé ìwé, mo lọ ń bá wọn tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé èyí tó kún fún ètò kọ̀ǹpútà wá. Mo tẹ ojú ìwé méjìlélógún láìmọ ohun tí mo ń tẹ̀. Nígbà tó padà wá, mo bi í pé kí ni ìlà kan báyìí ń sọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ìlà kan ṣoṣo yẹn, n kò sì sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun náà ló júwe Ọ̀gá fún mi. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san kò yẹ kó gba àyè níbí. Owó náà tó jẹun, kò tó gbéraga.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́ta. Pẹ́ńsù ni. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n gé rọ́bà orí pẹ́ńsù náà dànù lójú mi.

Wọ́n ní, "Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè pa á rẹ́ kì í ronú kó tó kọ ọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gba ìwé mi, wọ́n á fi ìka sórí ìlà kan. "Kí ni èyí ń ṣe?" Bí mo bá sọ pé, "Mo rò pé, sà…", wọ́n á fa ìwé náà ya. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì Challenge ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyá mi ní kí n padà sí Agbowó. Bàbá mi ń fi ẹnu ẹ̀mú mú irin kékeré inú aago kan, tí kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ, sí ipò rẹ̀. Nígbà tí irin náà wọlé, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Kò sí bí mo ṣe lè kánjú sí i." Mo padà sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹnì kan ṣoṣo tó tún wà ní ọ́fíìsì náà ni Kàmọ́rù, ọmọ bíbí Ìbàdàn, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, nítorí náà Bọ̀dá Kàmọ́rù ni mo ń pè é. Ó lè tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ bí ẹni ń bó ọsàn. Òun ló máa ń mú mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí Ọ̀gá bá ti fa ìwé ya. Á ṣa àwọn ègé náà jọ, á ní, "Fọlá, ìwé yìí ti di gàrí. Ṣé kí n bu omi sí i?"

Nígbà tí mo wá bọ́ sídìí ẹ̀rọ, mo rí i pé ìṣòro iṣẹ́ wa kì í ṣe kíkọ. Ìdúró ni. Bí ènìyàn bá kọ ètò tán, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà sí èdè tirẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpáìlì là ń pe ìyẹn. Iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́wọ́ wa ni ètò tí yóò máa tọ́jú káàdì àwọn aláboyún fún ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ring Road. Fáìlì mọ́kànlélógójì ni a pín in sí. Lókè fáìlì kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ lọ ka àwọn ìwé kan tó ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ lò. Hẹ́dà lorúkọ wọn, wọ́n sì gùn ju ohun tí àwa fúnra wa kọ lọ. Ẹ̀rọ á kà wọ́n tán fún fáìlì àkọ́kọ́, á gbàgbé gbogbo rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí fún ìkejì, títí dé ìkọkànlélógójì.

Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni èyí ń gbà. Ènìyàn lè fi àmì kékeré kan sílẹ̀, kó kọ̀ǹpáìlì, kó rí àṣìṣe náà, kó tún un ṣe, kó tún kọ̀ǹpáìlì. Ọ̀sán ti pọ́n nìyẹn. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gbọ̀n, a ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kàmọ́rù a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ ra bọ̀ọ̀lì, á dúró kí wọ́n yan án, á jẹ ẹ́ tán, á fọwọ́, á gòkè padà, ẹ̀rọ náà á ṣì máa kà.

Ìwé tó ṣàlàyé irinṣẹ́ wa nípọn bíi búrẹ́dì, fọ́tókọ́pì sì ni, tí ojú ìwé mélòó kan ti jábọ́ nínú rẹ̀. Mo ń kà á nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣe tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé irinṣẹ́ náà lè ka àwọn hẹ́dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó kọ̀ǹpáìlì wọn sílẹ̀, kó tọ́jú wọn sínú fáìlì kan, kí gbogbo àwọn yòókù sì máa lọ mú un níbẹ̀.

Mo sọ fún Kàmọ́rù. Ó ní, "Bí ìyá mi ṣe ń ṣe ata nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń dín in sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá. Ọbẹ̀ tó bá wù ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, kí o kàn lọ bù ú."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ náà ní ìnira. Gbogbo fáìlì gbọ́dọ̀ pe àwọn hẹ́dà ní ètò kan náà, pẹ̀lú ìlànà kan náà. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, á kọ ohun tó ti tọ́jú sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ti gbìyànjú rẹ̀ rí, wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ní ó ń ṣe bí àkẹ́bàjẹ́.

Mo wá rò ó pé, bí àwa ènìyàn kò bá lè rántí gbogbo òfin yẹn nígbà gbogbo, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ máa rántí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo kó gbogbo hẹ́dà jọ sínú fáìlì kan, mo sọ ọ́ ní GBOGBO.H. Lẹ́yìn náà, mo kọ ìwé àṣẹ kan, ìyẹn ohun tí ẹ̀yin ọmọ òde òní ń pè ní sìkírípìtì. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ ní ẹsẹẹsẹ: ṣètò àpò tí a máa tọ́jú nǹkan sí, kó àwọn ti àtijọ́ inú rẹ̀ dànù, kọ̀ǹpáìlì GBOGBO sílẹ̀, kí o wá fi ìlànà kan náà mú àwọn mọ́kànlélógójì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá gba ìwé àṣẹ náà, orí pépà dájúdájú. "Kí lo kó sínú GBOGBO?"

"Gbogbo hẹ́dà, sà."

"Àwọn tí ò ń tún ṣe lójoojúmọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà."

"Yọ wọ́n. Ohun tí kì í yí padà la fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Bí o bá ń hú ìpìlẹ̀ lójoojúmọ́, ìgbà wo lo máa kan òrùlé?"

Mo yọ wọ́n. Mo tẹ orúkọ ìwé àṣẹ náà, mo tẹ ẹ̀ńtà. Kàmọ́rù ti mú owó bọ̀ọ̀lì, ó ti sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀kan bá hàn, mo lè ka ẹsẹ Bíbélì kan kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń sáré bí ọmọ iléèwé tí aago ti lù fún. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó tán.

Kàmọ́rù wọlé pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì tó ṣì ń gbóná. Ó wo ojú ẹ̀rọ. "Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó ti tán."

"Irọ́ ni."

"Ó ti tán, Bọ̀dá Kàmọ́rù."

Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ọ̀gá bọ́ aago ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní kí n ṣe é nígbà kẹta. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì jáde sí bàlíkóní. A gbọ́ tí wọ́n ń súfèé. Kàmọ́rù rọra sọ fún mi pé ọdún márùn-ún ni òun ti bá wọn ṣiṣẹ́, òun kò mọ̀ pé Ọ̀gá lè súfèé. Àwa méjèèjì pa bọ̀ọ̀lì náà tì, a ń jó láàárín ọ́fíìsì láìsí orin.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ìtàn parí. Ẹṣin tó sáré jù, ó di dandan kí ẹni tó gùn ún di ìjánu rẹ̀ mú, èmi kò sì dì í mú.

Nígbà tí ìwé àṣẹ mi bá fẹ́ kó àwọn ti àtijọ́ dànù, ẹ̀rọ a máa béèrè pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ìbéèrè náà sú mi. Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ náà pé kó máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" fún mi. Ó tún kù díẹ̀: a máa ń da gbogbo iṣẹ́ wa kọ sórí dísìkì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ìyára mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Kàmọ́rù ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kún kọ̀ǹpútà náà. Ìyẹn gba ààyè kékeré tí ẹ̀rọ fi ń rántí àwọn orúkọ àpò. N kò mọ̀. Mo pe ìwé àṣẹ mi. Ọ̀rọ̀ kan kọjá fìrí lójú ẹ̀rọ pé kò sí àyè mọ́, n kò kà á. Ìwé àṣẹ náà ní kí ẹ̀rọ wọ inú àpò ti GBOGBO. Ẹ̀rọ kò rántí orúkọ àpò náà, ó bá dúró síbi tó wà, níbi tí gbogbo iṣẹ́ wa wà. Ìwé àṣẹ ní kó kó gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ dànù. Ẹ̀rọ béèrè pé ṣé ó dá mi lójú. Èmi fúnra mi ni mo ti dáhùn láti oṣù tó kọjá.

Fáìlì mọ́kànlélógójì. Iṣẹ́ oṣù méje. Ilé ìgbẹ̀bí náà máa ṣí ìyẹ̀wù tuntun wọn ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, orí ètò yìí ni wọ́n sì gbára lé. Bí a bá kùnà, kò sí ẹni tó máa gbé iṣẹ́ fún Ọ̀gá mọ́ ní gbogbo Ring Road.

Mo na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù láti pè é padà. Kàmọ́rù fò dì mí lọ́wọ́ mú.

"Má fọwọ́ kàn án! Má kọ nǹkankan sí i mọ́! Ohun tó sọ nù kò tíì lọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ pa. Bí o bá tún kọ nǹkan sórí rẹ̀ ni yóò lọ pátápátá."

Ó ń wá dísìkì kan nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan pamọ́, títí kan ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta.

Ọ̀gá ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Wọn ò pariwo. Wọ́n fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Dìde nílẹ̀, kí a ṣiṣẹ́."

Ètò inú dísìkì Kàmọ́rù a máa wá fáìlì tí wọ́n ti pa rí, ṣùgbọ́n lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ti sọ nù. Ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ fún un padà. Ọ̀gá ń ka ohun tó hàn, èmi ń dárúkọ.

"Ohun-kan-BEJI."

"IBEJI, sà. Lẹ́tà I."

"Ohun-kan-LABOYUN."

"ALABOYUN. A."

"Ohun-kan-BUSUN."

"IBUSUN, sà."

Ó ń lọ bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo wọn ló wà lórí mi, èmi tí mo fi pẹ́ńsù kọ wọ́n. A dé ọ̀kan.

"Ohun-kan-JO." Ọ̀gá yí ojú sí mi. "Ejò ni, àbí ijó?"

"Ọjọ́ ni, sà. Ọjọ́ ìbímọ."

"Háà. Mo ti rò pé ẹjọ́ ni."

Kàmọ́rù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tẹ̀ lé e, èrín tó jinlẹ̀, tó mi èjìká wọn. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, imú mi ń ṣomi. Mo mọ̀ nígbà náà pé wọn ò ní lé mi.

A rí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbà padà lódindi. Méje ti bàjẹ́, nítorí pé ìwé àṣẹ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ GBOGBO tuntun lé wọn lórí kí n tó mọ̀. Àwọn méje yẹn ni mo fi ọjọ́ mẹ́rin tún kọ, láti inú dísìkì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn àti láti orí mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé márùn-ún nínú wọn dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyà tí Ọ̀gá fi jẹ mí kò ju èyí lọ: kí n tún fi pẹ́ńsù kọ ìwé àṣẹ náà, kí n sì kọ sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí nǹkan kò bá rí bí mo ṣe rò. Ìlà mẹ́rìnlá di ojú ìwé mẹ́ta. Wọ́n ní, "Má tún jẹ́ kí ohunkóhun bá ọ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ náà wúlò fún mi nínú ìgbéyàwó, ó wúlò fún mi nínú ìjọ.

Ní ọjọ́ Ajé náà, Mètírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí, ìyá kan tí wọ́n sanra tí wọ́n sì le bí irin, dúró lé wa lórí, ọwọ́ ní ìbàdí. Aláboyún kan wọlé tí káàdì rẹ̀ ti sọ nù. Tẹ́lẹ̀, irú èyí máa ń gba wákàtí kan nínú yàrá eléruku tí wọ́n ń kó káàdì sí. Mo ní kí Mètírọ́ọ̀nù fúnra wọn tẹ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan, ìmí kan. Gbogbo ìtàn arábìnrin náà jáde: oyún kejì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kó bí.

Wọ́n pariwo, "Yéè! Nọ́ọ̀sì, ẹ wá o! Ẹ wá wo nǹkan!" Wọ́n mú fáìlì kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tuntun, wọ́n ní ooru ń mú un, ó ṣe iṣẹ́ ńlá. Aláboyún náà ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kó jókòó kó má baà bímọ síbẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé, n kò tíì rí ìyìn tó dùn ju fáìlì tí wọ́n fi fẹ́ ẹ̀rọ yẹn lọ.

Lẹ́yìn náà, irinṣẹ́ yí padà kíákíá. Máòsì dé, fèrèsé dé ojú ẹ̀rọ, ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ ìwé àṣẹ fún di ohun tí ènìyàn ń fi ìka kan tẹ̀. Mo banújẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Mo wá rí i pé mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìka yẹn, àwọn tí kò sì mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sáré wá bí ó bá kọ̀. Ìmọ̀ yẹn ló gbé mi dé ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Bódìjà, níbi tí mo ti ṣe ọdún méjìlélógún kí n tó fẹ̀yìntì. Kàmọ́rù ti di bàbá àwọn ọmọ mi nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dín ata sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá ló ṣojú ẹbí ọkọ níbi ìdána wa, tí wọ́n ń bi àwọn ẹbí mi pé ṣé ó dá wọn lójú.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára. Ó ń fa orí ya, ó ń dun ẹ̀yìn, ó sì máa ń dójú ti ènìyàn níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ohun tí kò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ bá ṣiṣẹ́, kò sí bí ọjọ́ orí ṣe lè tó, inú á dùn bíi ti ọmọdé.

Oṣù tó kọjá, mo lọ sí Agbowó kí wọ́n lè bá mi tẹ fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ní kí gbogbo àwa tí a ti fẹ̀yìntì kọ. Ìyá kan tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń tẹ ìdáhùn mi lọ. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, kò bi mí, ó tẹ "òwò."

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, èwo ni òwò?"

"Àbí ẹ kì í ṣòwò ni, Màmá?"

"Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ."

Ó wo gèlè mi, ó wo bàtà mi. "Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà. Láti ìgbà tí o ṣì wà ní pírámárì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó wá sún mọ́ mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ yìí ti ń dá mi dúró láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni méjì ti wá wò ó, kò gbọ́."

Mo ki ọwọ́ bọ báàgì mi, mo mú awò ojú mi jáde, mo nù ún.

Mo ní, "Dìde."